Èwo Ni Kí N Rà? Bí A Ṣe Ń Yan Láàárín Àwọn Àgbà Fóònù

Ẹni tó bá fẹ́ ra àgbà fóònù, ìyẹn fóònù olówó gọbọi, lónìí, ìṣòro rẹ̀ kì í ṣe pé kò ní rí èyí tó dára. Gbogbo wọn ló dára. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn tó ń polówó wọn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wa ń ṣe, tí a sì jọ ń gbé àdúgbò kan náà. Ẹni tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Ifẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Manchester: fóònù tó máa bá wọn mu kò lè jẹ́ ọ̀kan náà.

Mẹ́ta nínú àwọn tó jáde ní 2025 ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Samsung gbé Galaxy S25 Ultra sọ́jà ní oṣù Kejì, Google gbé Pixel 10 Pro àti Pro XL jáde ní oṣù Kẹjọ, Apple sì mú iPhone 17 Pro àti Pro Max wá ní oṣù Kẹsàn-án. Tí tuntun mìíràn bá ti dé kí ẹ tó ka èyí, orúkọ àti iye owó ló máa yàtọ̀, ọ̀nà tí a fi ń yàn án kò yàtọ̀. Ọjọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Fóònù ló ń tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ béèrè lọ́wọ́ fóònù tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ẹ rò pé ẹ ń fi fóònù ṣe. Lórí iPhone, ẹ ṣí Settings kí ẹ lọ sí Screen Time. Lórí Android, ẹ wá Digital Wellbeing. Ẹ ó rí áàpù tí ẹ lò jù láàárín ọ̀sẹ̀ kan àti wákàtí tó gbà lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wo Battery kí ẹ mọ ohun tó ń jẹ iná jù, kí ẹ sì wo Storage kí ẹ mọ bí àyè ṣe kún tó.

Ẹni tó ń pariwo pé kámẹ́rà lòun ń wá lè rí i níbẹ̀ pé WhatsApp, ìpè àti áàpù báǹkì ló ń gba ọjọ́ òun, pé fọ́tò tí òun yà lóṣù kan kò pọ̀ rárá. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ má jẹ́ kójú tì yín láti ra fóònù àárín bíi Galaxy A56 tàbí Pixel 9a, kí ẹ sì fi owó tó kù ṣe nǹkan mìíràn. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. WhatsApp kò mọ fóònù olówó yàtọ̀ sí ti olówó pọ́ọ́kú.

Tí ẹ bá ṣì rí i pé àgbà fóònù ló yẹ yín, ẹ mú ìwé kí ẹ kọ ohun mẹ́rin tàbí márùn-ún tí fóònù náà gbọ́dọ̀ ṣe fún yín. Ẹ fún ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 5 bó ṣe ṣe pàtàkì sí yín tó. Bí gbogbo rẹ̀ bá gba 5, ẹ kò tíì yan nǹkan kan. Ẹ padà sí i. Ẹ tọ́jú ìwé náà, a ó lò ó níwájú.

Ìgbésẹ̀ kejì: Síìmù àti nẹ́tíwọ̀kì

Ibí yìí ni owó àwọn èèyàn wa ti ń ṣòfò jù, pàápàá láàárín àwọn tó wà lókè òkun àti àwọn tó wà nílé.

Láti orí iPhone 14 tó jáde ní 2022 ni Apple ti yọ ihò síìmù kúrò lára iPhone tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà. eSIM nìkan ló ń gbà, ìyẹn síìmù tó wà nínú fóònù fúnra rẹ̀ tí kò ní káàdì. Google náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí Pixel 10 Pro tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Houston bá ra fóònù tuntun ránṣẹ́ sí àbúrò ní Òṣogbo, àbúrò yóò yí fóònù náà síwá sẹ́yìn, kò ní rí ibi tó máa ki káàdì síìmù bọ̀. Kì í ṣe pé fóònù náà kò ní ṣiṣẹ́. MTN àti Airtel ní eSIM ní Nàìjíríà, ẹni tó bá ti so NIN mọ́ nọ́ńbà rẹ̀ lè gbé e lọ sórí eSIM. Ṣùgbọ́n ẹ ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Tí bátìrì bá kú nígbà tí ẹ ń retí kóòdù láti báǹkì, kò sí káàdì tí ẹ máa yọ kì bọ fóònù ẹlòmíràn. Tí fóònù bá bàjẹ́ lójijì, ẹ ó tún padà sọ́dọ̀ nẹ́tíwọ̀kì kí wọ́n tó gbé nọ́ńbà yín sórí òmíràn. Àǹfààní tirẹ̀ ni pé olè tó já fóònù gbà kò lè yọ síìmù kó fi máa gba kóòdù báǹkì yín. Ẹ wọ̀n ọ́n wò.

Tí káàdì méjì bá ṣe pàtàkì sí yín, bíi ẹni tó ń fi MTN pè tó sì ń fi Airtel ṣe dátà, ẹ béèrè orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti tà á kí ẹ tó san kọ́bọ̀. iPhone 17 Pro ti Ìlú Ọba ní ihò káàdì kan pẹ̀lú eSIM. Ti Ṣáínà máa ń gba káàdì méjì. Lórí iPhone, ẹ lọ sí Settings, General, About, kí ẹ wo Model Number. Èyí tó bá parí sí LL/A, ti Amẹ́ríkà ni. CH/A jẹ́ ti Ṣáínà. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà yẹn náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe: M ni fóònù tí wọ́n tà ní tuntun, F ni èyí tí Apple tún ṣe kí wọ́n tó tún un tà, N sì ni èyí tí wọ́n fi dípò èyí tó bàjẹ́. Ẹni tó ń pe F ní tuntun fún yín kò sọ òtítọ́.

Ohun kejì ni títì. Ọ̀pọ̀ fóònù tí nẹ́tíwọ̀kì ń tà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n tì mọ́ ara wọn títí di ìgbà tí oníbàárà bá san gbèsè rẹ̀ tán. Tí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ dé Ìbàdàn, síìmù wa kò ní wọlé sórí rẹ̀. Ní Ìlú Ọba, Ofcom, àjọ tó ń ṣàkóso nẹ́tíwọ̀kì níbẹ̀, ti fòfin de títa fóònù títì láti oṣù Kejìlá 2021, nítorí náà ewu yìí kéré lára èyí tó tibẹ̀ wá. Lórí iPhone, ojú ewé About yẹn kan náà ni ẹ ó ti rí Carrier Lock. "No SIM restrictions" ni kí ó wà níbẹ̀.

Ní ti 5G, oṣù Kejìlá 2021 ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso nẹ́tíwọ̀kì ní Nàìjíríà, fi gbàǹjo ta ìgbì 3.5GHz. MTN bẹ̀rẹ̀ sí tà á fún aráàlú ní 2022, Airtel tẹ̀ lé e ní 2023. Fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń gba ìgbì yìí, tí wọ́n ń pè ní n78. Àmọ́ Google kì í ta Pixel ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀, ní àwọn ibi tí kò sì ti tà á, 5G àti ìpè orí 4G lè má tàn fúnra wọn bí fóònù náà tilẹ̀ lágbára láti ṣe é. Ẹ fi síìmù yín dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń gbé Peckham ní London kò ní ìyọnu yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ka ọdún tó kù, kì í ṣe èyí tó ti lọ

Fóònù tí kò gba àtúnṣe ààbò mọ́ kì í kú lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni. Áàpù báǹkì máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí kìlọ̀, lẹ́yìn náà ó lè kọ̀ láti ṣí.

Google ló kọ́kọ́ ṣèlérí ọdún 7 nígbà tó gbé Pixel 8 jáde ní oṣù Kẹwàá 2023. Samsung ṣe irú ìlérí kan náà láti orí Galaxy S24 ní oṣù Kìn-ín-ní 2024. Apple kì í sábà pariwo iye ọdún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wọn ń jẹ́rìí sí i: iPhone 11 tó jáde ní 2019 gba iOS 26, ètò tuntun tó ń darí iPhone, ní 2025.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fi ọkàn sí ni pé ọjọ́ tí fóònù jáde ni wọ́n ti ń ka ọdún yìí, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á. Galaxy S23 Ultra jáde ní 2023 pẹ̀lú ìlérí ààbò ọdún 5, ìyẹn 2028. S24 Ultra tó fi ọdún kan péré tẹ̀ lé e ń lọ dé 2031. Tòkúnbọ̀ méjèèjì lè jókòó síra wọn lórí tábìlì kan náà, kí iye wọn má fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, kí ọ̀kan sì fi ọdún mẹ́ta ju èkejì lọ. Ẹ fi ọdún tó kù pín owó tí wọ́n ń pè é. Iye tó bá jáde ni fóònù náà máa ná yín lọ́dún kan, òun ló yẹ kí ẹ fi wé ara wọn.

Ìṣirò yìí ló mú kí n máa sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn pé kí wọ́n ra àgbà fóònù ọdún tó kọjá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín S24 Ultra àti S25 Ultra, tàbí Pixel 9 Pro àti 10 Pro, kéré sí ìyàtọ̀ owó wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Kámẹ́rà, lójú àwa adúláwọ̀

Ẹ gbàgbé nọ́ńbà mẹ́gápíkísẹ́lì. Kámẹ́rà S25 Ultra jẹ́ 200, síbẹ̀ fọ́tò tó ń yà fún yín láìjẹ́ pé ẹ yí nǹkan kan padà jẹ́ 12. Tí fọ́tò náà bá gba WhatsApp kọjá, WhatsApp máa fún un mọ́lẹ̀, àfi tí ẹ bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi dókúméǹtì; HD kàn máa ń dín fífún náà kù ni. Ẹni tí gbogbo fọ́tò rẹ̀ ń parí sí ìgbà tó fi sórí status kò ní rí 200 yẹn láé.

Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni bí kámẹ́rà ṣe ń ṣe sí àwọ̀ ara wa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kámẹ́rà fóònù máa ń ṣe ọ̀kan nínú méjì sí adúláwọ̀: kó sọ ọ́ di eérú, tàbí kó fi òkùnkùn bo ojú rẹ̀ tí ẹ kò fi ní rí ju eyín lọ. Ní 2021 ni Google gbé Real Tone jáde pẹ̀lú Pixel 6, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kí kámẹ́rà lè mọ àwọ̀ dúdú bó ṣe wà gan-an. Ó hàn lára fọ́tò Pixel títí di òní. Àwọn yòókù náà ti tẹ̀ síwájú gan-an, ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ fi ojú ara yín wò ó dípò kí ẹ gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ẹ mú ẹnì kan tó dúdú dáadáa àti ẹnì kan tó pupa, kí wọ́n dúró pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ìta ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìn wọn. Ẹ yà wọ́n. Ẹ fẹ fọ́tò náà lójú kí ẹ wo iwájú orí ẹni tó dúdú: ṣé ẹ rí bó ṣe ń dán, àbí ó ti rí bákan náà láti orí dé àgbọ̀n? Ẹ wo ẹni tó pupa: ṣé ojú rẹ̀ kò ti funfun jù? Tí ẹnì kan bá wọ léèsì funfun, ẹ wo bóyá ẹ ṣì ń rí ihò iṣẹ́ ọnà ara léèsì náà tàbí ó ti di funfun gbalaja. Léèsì funfun lára ẹni dúdú lálẹ́ òde, lábẹ́ iná elésè àlùkò, ni ìdánwò tó le jù fún kámẹ́rà nílẹ̀ Yorùbá. Tí ẹ bá lo portrait, èyí tó ń mú kí ẹ̀yìn ẹni di bàìbàì, ẹ wo etí gèlè. Fóònù tí kò bá mọ ibi tí gèlè parí sí máa gé e dànù tàbí kó pa á pọ̀ mọ́ ohun tó wà lẹ́yìn.

Fún ẹni tó ń tajà, àwọ̀ ọjà ṣe pàtàkì ju ẹwà fọ́tò lọ. Oníbàárà tó rí ẹlú lójú fóònù, tó wá gba aṣọ tó dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò dá a padà. Ẹ mú aṣọ náà lọ́wọ́, ẹ yà á níta àti nínú ilé, kí ẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sórí fóònù ẹlòmíràn, níbẹ̀ ni kí ẹ ti fi wé aṣọ. Ẹ má wò ó lórí fóònù tó yà á nìkan, torí ojú Samsung lè wà lórí Vivid, tó máa ń mú kí àwọ̀ gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ kọ́kọ́ gbé e sí Natural nínú Settings, Display, Screen mode.

Ẹni tó máa ń jókòó sẹ́yìn níbi ìgbéyàwó tàbí ìsìn, ẹ dán sùúmù wò. S25 Ultra ní lẹ́ǹsì tó ń mú nǹkan sún mọ́ni ní ìlọ́po mẹ́ta àti ìlọ́po márùn-ún, Pixel 10 Pro ní ti ìlọ́po márùn-ún, iPhone 17 Pro sì ní ti ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ ya pátákó ọ̀nà tó jìnnà, kí ẹ wo bóyá lẹ́tà rẹ̀ ṣeé kà.

Fún fídíò, mo gbà pé iPhone ṣì wà níwájú, pàápàá fún ẹni tó ń rìn bó ṣe ń yà á. Ẹ rìn lójú títì níṣẹ̀ẹ́jú kan kí ẹ máa sọ̀rọ̀, kí ẹ wá gbọ́ ohùn yín láàárín ariwo ọkọ̀. Ohùn ni àwọn tó ń ṣe fídíò sábà máa ń gbàgbé láti dán wò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bátìrì àti iná

Samsung kọ 5000mAh sára S25 Ultra; mAh ni òṣùwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà. OnePlus 13 ní 6000mAh. Ẹ má fi nọ́ńbà yìí nìkan ṣe ìdájọ́, torí ọ̀nà tí ẹ̀rọ inú fóònù ń gbà ná iná yàtọ̀ síra. iPhone Pro Max máa ń pẹ́ gan-an bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pariwo mAh rẹ̀. Ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń lọ tó ń bọ̀ ló ń pa bátìrì jù ní ilẹ̀ wa: fóònù tó ń wá nẹ́tíwọ̀kì kiri kì í sinmi. Tí 5G kò bá dúró ṣinṣin ní àdúgbò yín, ẹ gbé e sí 4G, ẹ ó rí ìyàtọ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ tó ṣú.

Bí fóònù ṣe ń yára gba iná náà ní iyì níbi tí iná ọba kò ti dúró. S25 Ultra ń gba 45W, iPhone 17 Pro sì lè dé ìdajì láàárín 20 ìṣẹ́jú pẹ̀lú ṣájà 40W. Ṣùgbọ́n ṣájà kò sí nínú páálí. Apple ti yọ ọ́ láti 2020, Samsung láti 2021. Ẹ fi owó ṣájà gidi kún owó fóònù látilẹ̀wá. Ti Samsung 45W nílò ṣájà tó ní PPS (ètò tó ń jẹ́ kí ṣájà yí agbára iná padà bí fóònù ṣe fẹ́) àti wáyà tó ń gba ampere 5, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní yára bí wọ́n ṣe wí. Ṣájà ayédèrú tí wọ́n fi owó pọ́ọ́kú tà lójú pópó lè ba fóònù olówó ńlá jẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é.

Ooru ni ọ̀tá bátìrì. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ètò tó ń dá gbígba iná dúró ní 80%. Ẹni tó ń fi fóònù sójú iná mọ́jú, ẹ tàn án.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ gbé e dání

Kò sí ìwé tó lè sọ èyí fún yín. iPhone 17 Pro Max lé ní 230 gíráàmù, Pixel 10 Pro XL náà ń lọ sí ibẹ̀, S25 Ultra jẹ́ 218. Ẹ fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé e, kí ẹ gbìyànjú láti fi àtàǹpàkò kan igun òkè òdì kejì. Tí kò bá dé, ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. iPhone 17 Pro àti Pixel 10 Pro kéré jù ú lọ, íńṣì 6.3 ni wọ́n, kámẹ́rà wọn sì bá ti ẹ̀gbọ́n wọn dọ́gba.

Ẹ gbé e jáde sínú oòrùn ọ̀sán kí ẹ ka ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Gíláàsì S25 Ultra máa ń dín dídán oòrùn kù ju ti ọ̀pọ̀ lọ, ó wúlò fún awakọ̀ àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níta.

iPhone ń fi ojú ṣí, àwọn méjì yòókù ń fi ìka ṣí. Obìnrin tó ń wọ níkáàbù yóò rí i pé ìka rọrùn fún un ju ojú lọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń wà nínú omi tàbí ìyẹ̀fun yóò sọ òdìkejì. Tí ẹ bá sì fi sikírìnì gáàdì tó nípọn bo ojú fóònù, ìka lè má ṣí i mọ́.

Fóònù tó ń ká dára lójú, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún eruku ọyẹ́. Galaxy Z Fold7 ní ààbò IP48, ìyẹn ni pé eruku kéékèèké lè wọ inú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Àyè, àti ọ̀rọ̀ AI

Ẹ má ra 128GB. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó ń gba káàdì mẹ́mórì, ohun tí ẹ bá rà náà ni ẹ ó máa lò lọ. 256GB ni ó yẹ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ẹni tó bá ń ya fídíò kó mú 512GB. Ẹ rántí pé iCloud ń fún yín ní 5GB lọ́fẹ̀ẹ́, Google ń fún yín ní 15GB, bákáọ́ọ̀pù WhatsApp lórí Android sì wà nínú 15 yẹn.

Ní ti AI tí wọ́n fi ń polówó gbogbo wọn, ẹ má fún un ju máàkì 1 lọ. Yorùbá kò sí lára àwọn èdè Galaxy AI àti Apple Intelligence. Google Translate tó gbọ́ Yorùbá láti 2013 sì ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù èyíkéyìí. Ohun tó tọ́ sí yín láti dán wò ni kíbọọ̀dù: ẹ ṣí Gboard, ẹ fi Yorùbá kún un, kí ẹ tẹ "ọ̀ṣẹ̀ṣẹ̀" pẹ̀lú àmì rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ béèrè owó àtúnṣe kí ó tó fọ́

Kí ẹ tó rà á, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ béèrè ohun méjì nípa fóònù náà: èló ni ojú rẹ̀ tí ó jẹ́ ojúlówó, ọjọ́ mélòó ni yóò gbà kí ẹ tó rí i? Tí ìdáhùn bá jẹ́ pé ó di ìgbà tí wọ́n bá ránṣẹ́ sí Dubai, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Samsung àti iPhone, ẹ̀yà ara wọn pọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ sì lè rí i ní àwọn ìlú ńlá yòókù. Ti Pixel ṣọ̀wọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi ń gba àwọn tó wà ní London àti Amẹ́ríkà níyànjú láti ra Pixel pẹ̀lú ayọ̀, tí mo sì ń sọ fún ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé kó rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ ṣe ìṣirò

Ẹ mú ìwé àkọ́kọ́ yẹn jáde. Ká ní oníṣòwò àdìrẹ wa ní Ìtòkú kọ ọ́ báyìí: kámẹ́rà 5, bátìrì 4, àtúnṣe 4, ìrọ̀rùn ọwọ́ 2. Ó dán fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, ó sì fún ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 5 lórí ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó fún iPhone 17 Pro Max ní 5, 5, 3, 2. Ó fún S25 Ultra ní 4, 4, 4, 3. Ó fún Pixel 10 Pro XL ní 5, 3, 1, 2. Tó bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye tí ó kọ sára ohun kọ̀ọ̀kan, tó sì rò ó pọ̀, iPhone máa ní 61, Samsung 58, Pixel 45.

61 àti 58 sún mọ́ra jù láti fi dájọ́. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ti ń wọlé. Nígbà tí wọ́n jáde, iPhone 17 Pro Max bẹ̀rẹ̀ láti $1,199, S25 Ultra láti $1,299, àmọ́ iye orí ọjà wa lè yí ìyẹn padà, S25 Ultra sì ti pẹ́ díẹ̀ jù ú lọ. Ó tún yẹ kó wo iye tí yóò rí tó bá fẹ́ tà á lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. iPhone kì í sábà já wálẹ̀ kíákíá bíi ti Android. Kó sì wo àwọn tó ń bá ṣiṣẹ́: tí gbogbo ilé àti àwọn aránṣọ rẹ̀ bá ń lo iPhone, AirDrop, tó ń gbé fọ́tò àti fáìlì láti iPhone kan sí èkejì, máa dín wàhálà rẹ̀ kù. Tó bá jẹ́ Android ni wọ́n ń lò, Quick Share ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Tí èsì ìṣirò bá bí yín nínú, ẹ wo ohun tó fa ìbínú náà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iye tí ẹ kọ sára ohun kan kò tọ́. Olùkọ́ni tó ń kọ àkọsílẹ̀ sára PDF lójoojúmọ́ lè ti gbàgbé láti fi gègé S Pen sínú ìwé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun nìkan ló tó láti mú un lọ sọ́dọ̀ S25 Ultra.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Lójú ọjà

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ lọ lọ́sàn-án, kí ẹ mú síìmù, ṣájà, páwà báǹkì àti ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n dání. Ẹ má sanwó fún fóònù tí wọ́n ní ó wà "lọ́nà". Lẹ́yìn náà:

Ẹ tẹ *#06#. IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà tó ní òǹkà 15, máa jáde. Ẹ fi wé èyí tó wà lára páálí àti èyí tó wà nínú Settings. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ẹ dá a padà.

Tí ó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, kí olùtajà yọ àkáǹtì tó wà lórí rẹ̀ kúrò lójú yín, kó pa gbogbo nǹkan rẹ́, kí ẹ̀yin fúnra yín sì fi ìmeèlì tiyín wọlé látìbẹ̀rẹ̀. Fóònù tó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ẹlòmíràn lẹ́yìn tí ẹ ti pa á rẹ́ lè jẹ́ èyí tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ ẹnì kan ní London. Ẹ má gbé e rárá, kódà bí wọ́n bá fẹ́ fi ìdajì owó tà á.

Lórí iPhone, ẹ wo Battery Health. Láti orí iPhone 15 lọ, ẹ ó rí Cycle Count, ìyẹn iye ìgbà tí bátìrì náà ti gba iná dé kíkún. Ẹ tún wo inú About bóyá Parts and Service History wà níbẹ̀: tí "Unknown Part" bá wà lára ojú tàbí bátìrì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí kì í ṣe ojúlówó.

Lórí Samsung, ẹ tẹ *#0*#. Ẹ tẹ Red, Green àti Blue lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ máa di pupa, àwọ̀ ewé, búlúù. Ẹ wá ìlà tó dúró gbọọrọ tàbí òjìji lẹ́tà tó ti wọ ojú náà.

Ẹ pe ẹnì kan. Ẹ gba ìpè. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ ọ. Ẹ ṣí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan, títí kan ti iwájú. Ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, kí ẹ rọra mi wáyà rẹ̀ bóyá iná ń lọ tó ń bọ̀.

Fóònù tuntun nínú páálí tí wọ́n lẹ̀ pa náà nílò ìṣọ́ra, torí wọ́n ń tún páálí lẹ̀. Fún iPhone, ẹ mú nọ́ńbà serial rẹ̀ lọ sí checkcoverage.apple.com kí ẹ tó sanwó. Tuntun tí wáráǹtì rẹ̀ ti ń ka láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ẹnì kan ti lò ó.

Lórí rísíìtì, kí wọ́n kọ orúkọ fóònù náà ní kíkún, iye GB rẹ̀, IMEI, àti ọjọ́ tí ẹ fi lè dá a padà tó bá ní àléébù. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fi fóònù àtijọ́ ya fọ́tò rísíìtì náà àti ẹ̀yìn páálí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má ta èyí àtijọ́. Ẹ gbé WhatsApp, áàpù báǹkì àti nọ́ńbà àwọn èèyàn yín kọjá, kí ẹ lò ó ní ibi iṣẹ́, nínú ilé àti lójú ọ̀nà, nígbà tí ọjọ́ dídá a padà ṣì kù.